Síkúrù títáníọ̀mù nínú egungun rírọ̀: oṣù mélòó la ó dúró?

Ẹ̀yin àgbà oníṣègùn eyín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ẹ̀yìn àgbọ̀n òkè ni síkúrù yìí, tí a fi rọ́pò gbòǹgbò eyín, wà, egungun ibẹ̀ sì rọ̀: agbára ìyí 15 Ncm péré ló fi wọlé, ISQ rẹ̀ (òṣùwọ̀n bó ṣe dúró gbọin tó nínú egungun) jẹ́ 58. Omi tútù ò dáwọ́ dúró nígbà tí a ń gbẹ́ ẹ, torí egungun tó bá gbóná dé 47°C fún ìṣẹ́jú kan lè kú. Mímì ló ń kọ mí lóminú. Bó bá ń mì ju nǹkan bíi 150 µm (0.15 mm) lọ, ẹran onífọ́nrán ni ara máa hun yí i ká dípò egungun, kò sì ní dúró mọ́ láé. Nítorí náà ni mo ṣe fi èrìgì bò ó pátápátá. Aláìsàn náà ń mu sìgá, ó sì ní àtọ̀gbẹ. Ṣé oṣù 3 tó, àbí kí n dúró di 6? ISQ mélòó lẹ máa ń rí kí ẹ tó gbé adé eyín lé e?