Ṣé kí n tún gbé iṣẹ́ ìkọ́ni lọ sí àpérò àwọn onímọ̀ físíìsì?

Olùkọ́ Físíìsì, Ògbómọ̀ṣọ́:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi. Lọ́dún tó kọjá, mo ka pépà ní àpérò àwọn onímọ̀ físíìsì kan, lórí bí mo ṣe ń kọ́ àwọn ọmọ SS2 ní òfin Newton nípa bí nǹkan ṣe ń rìn. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó kẹ́yìn ni wọ́n fi ìjókòó ìkọ́ni sí, nígbà tí àwọn ènìyàn ti ń di ẹrù, tó fi jẹ́ pé àwa tí a ní pépà láti kà nìkan ni a ń kà á fún ara wa. Ó dùn mí gan-an. Ṣé kí n tún padà lọ, àbí kí n gbájú mọ́ àpéjọ ọdọọdún STAN, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ sáyẹ́ǹsì Nàìjíríà, níbi tí àwọn olùkọ́ bíi tèmi pọ̀ sí?

Ìyá Adé, Ọ̀yọ́:
Ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ̀gbọ́n. Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, ọdún 1899 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ físíìsì, APS, sílẹ̀. Nígbà tí àwọn tó fẹ́ràn ìkọ́ni rí i pé wọn kò ráyè tó níbẹ̀, wọ́n dá AAPT, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ físíìsì, sílẹ̀ ní 1930. Síbẹ̀, wọn kò fi àpérò APS sílẹ̀, ìjókòó ìkọ́ni ṣì ń wáyé níbẹ̀. Ẹ máa lọ síbi méjèèjì.

Olùkọ́ Yunifásítì:
Mo fara mọ́ ohun tí Ìyá Adé sọ, ṣùgbọ́n ẹni tó ń fi gbogbo ayé rẹ̀ wọn nǹkan kò ní dúró gbọ́ "àwọn ọmọ gbádùn rẹ̀." Ẹ gbé òǹkà lọ bá wọn. Ní 1998, Richard Hake, onímọ̀ físíìsì ará Amẹ́ríkà, kó èsì ìdánwò ìbẹ̀rẹ̀ àti ti ìparí jọ láti ọ̀dọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ 6,542 ní kíláàsì 62. Nínú ohun tí wọn kò mọ̀ nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀, nǹkan bí ìdá 23 nínú 100 ni àwọn tí olùkọ́ kàn ń bá sọ̀rọ̀ rí kọ́. Àwọn tí wọ́n jẹ́ kí wọ́n jiyàn, kí wọ́n sì fọwọ́ ṣe é, rí nǹkan bí ìdá 48. Òǹkà báyìí ni onímọ̀ físíìsì ń tẹ́tí sí.

Àmọ́ ohun kan wà tí àwa nìkan lè sọ. Mo ju máńgòrò sókè níwájú àwọn ọmọ ọdún kìn-ín-ní, mo sì béèrè ohun tó ń fà á tàbí tó ń tì í nígbà tó ti kúrò lọ́wọ́ mi. Ọ̀pọ̀ wọn ní, "Agbára ọwọ́ yín ṣì wà lára rẹ̀, sà." Bẹ́ẹ̀, òòfà ilẹ̀ nìkan ló kù, bí a bá yọ ti afẹ́fẹ́ kúrò. Ọmọ aláwọ̀ funfun náà máa ń ṣe àṣìṣe yìí, ṣùgbọ́n nílé wa, "agbára" kan náà ni a ń pe ohun tó ń ti nǹkan, ohun tí nǹkan fi ń ṣiṣẹ́, àti bí iṣẹ́ náà ṣe ń yá sí. Ọmọ náà kò parọ́ pátápátá: ohun tí ọwọ́ fún máńgòrò náà wà lára rẹ̀ lóòótọ́, kì í kàn ṣe ipá, ìyẹn ohun tó ń ti nǹkan tàbí tó ń fà á, ni. Bí a bá ya "ipá" sọ́tọ̀ kúrò lára "agbára" láti ọjọ́ àkọ́kọ́, kí ló máa yí padà? Ẹ wọ̀n ọ́n.

Olùkọ́ Físíìsì, Ògbómọ̀ṣọ́:
Ẹ ṣeun púpọ̀, sà. Kíláàsì SS2 méjì ni mo ní. Ọ̀kan á máa lo "ipá" lọ́tọ̀, èkejì á wà bó ṣe wà, ìdánwò kan náà ni n óò sì fún wọn lọ́sẹ̀ kìn-ín-ní àti lọ́sẹ̀ tó kẹ́yìn sáà. Ṣé Yorùbá ni kí n fi kọ ìbéèrè náà, àbí Gẹ̀ẹ́sì?

Olùkọ́ Yunifásítì:
Ẹ fi méjèèjì kọ ọ́ sójú ìwé kan náà, kí ẹ sì ní kí ọmọ kọ ìdí tó fi mú ìdáhùn rẹ̀.