Bí a ò bá rí àdán, à á fi òòbẹ̀ ṣẹbọ: ó jọ pé èmi ni òòbẹ̀ náà

ÌyáÌbejì_Ìbàdàn:
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bú mi. Ọdún kẹfà rèé tí mo ti wà nílé ọkọ, ọkọ mi ò lù mí kò sì febi pa mí. Sátidé tó kọjá la lọ síbi ìsọmọlórúkọ kan nínú ẹbí wọn, mo wà nídìí ìkòkò, mò ń bá wọn rokà, ni àbúrò ìyá ọkọ mi bá ń sọ fún ẹnì kejì ẹ̀ pé “ìyàwó yìí náà ṣáà ń gbìyànjú, ṣebí bí a ò bá rí àdán, à á fi òòbẹ̀ ṣẹbọ.” Wọ́n rò pé mi ò gbọ́. Mo fọgbọ́n wádìí ẹ̀, àṣé ọkọ mi ti ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ pẹ̀lú ọmọbìnrin kan kó tó mọ̀ mí, fíísà Kánádà ọmọ yẹn ló jáde ló bá bá tiẹ̀ lọ, oṣù mẹ́jọ lẹ́yìn ẹ̀ ni ọkọ mi wá ń dúró dè mí tí a bá parí ìpàdé kuáyà. Èmi tí mo ti ń jẹ́rìí káàkiri pé Ọlọ́run ló fi mí hàn án! Látọjọ́ náà tí mo bá kúnlẹ̀, ẹnu mi ò là. Ṣé Ọlọ́run ló yàn mí ni àbí èmi ni mo kàn wà nílẹ̀?

ỌmọÌjẹ̀bú82:
Àǹtí, gbogbo ohun tí ẹ kọ yìí, kò sí ọ̀rọ̀ kan látẹnu ọkọ yín níbẹ̀, tìdí ìkòkò àmàlà nìkan la gbọ́. Ẹ bi í.

MàmáKíláàsì:
Pẹ̀lẹ́ ọmọ mi. Ó lé lógún ọdún tí mo ti ń kọ́ àwọn obìnrin ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, orí Lea, ìyàwó Jakọbu nínú Bíbélì, ni mo máa ń dúró sí, torí àwọn èèyàn máa ń sáré kọjá lára ẹ̀ lọ bá Rakeli àbúrò ẹ̀ arẹwà. Ọdún 7 ni Jakọbu fi sin Labani bàbá wọn nítorí Rakeli, ilẹ̀ ọjọ́ kejì ìgbéyàwó mọ́, Lea ló bá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara ẹ̀, ló bá gbé ìjà ko Labani, ó tún gbà láti sìn ín fún ọdún 7 sí i nítorí ẹni tó fẹ́. Rò ó wò, Lea ṣáà wà nílé nígbà tí wọ́n ń fa gbogbo ìyẹn. Wá wo orúkọ tó ń sọ ọmọ, bí àwa náà ṣe ń forúkọ ọmọ bá ará ilé sọ̀rọ̀ náà ni: Reubeni, ọkọ mi á wá fẹ́ràn mi báyìí; Simeoni, Ọlọ́run gbọ́ pé wọn ò fẹ́ràn mi; Lefi, ọkọ mi á fara mọ́ mi wàyí. Ọmọ mẹ́ta, ojú ọkọ ló ń wò. Ìgbà tó kan ìkẹrin ló ní òun á yin Olúwa, ó sọ ọ́ ní Juda, kò mẹ́nu ba ọkọ rárá. Inú Juda yẹn ni Dafidi ti wá, inú Lefi ni Mose ti wá. N ò ní purọ́ fún ẹ o, Bíbélì ò sọ pé Jakọbu padà fẹ́ràn ẹ̀ ju Rakeli lọ, àwọn oníwàásù tó ń sọ bẹ́ẹ̀ ń fiyọ̀ sí i ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí bàbá yẹn ń kú lọ ní Íjíbítì, ihò Makpela ló ní kí wọ́n sin òun sí, níbi tóun sin Lea sí. Ọ̀nà Betlehemu ni wọ́n sin Rakeli sí.

AlfaOníbàárà:
Mùsùlùmí ni mí, ẹ jẹ́ n dá sí i. Ìyá wa Khadija ti lọ́kọ ẹ̀ẹ̀mejì kí Ànábì tó fẹ́ wọn, ta ló jẹ́ sọ pé wọ́n fi Ànábì dí àlàfo ni? Òwe tí ìyá yẹn pa gan-an, wọn ò pa á dé ibi tó dùn, ẹni tó fi òòbẹ̀ ṣẹbọ, ṣé ẹbọ náà ò fín ni? (Ẹ má fi mí sùn ní mọ́ṣáláṣí o.) Ẹlòmíì ni ìyàwó tèmi náà ń dúró dè kó tó gbà fún mi, ó sì sọ ọ́ fún mi lójúkojú. Ọdún méjì ni mo fi ń yẹ fóònù ẹ̀ wò lóru. Kì í ṣe pé ó sọ nǹkan tuntun tí mo fi ṣíwọ́, ó kàn rẹ̀ mí láti máa bá ẹni tí ò sí nílé jà ni.

ÌyáÌbejì_Ìbàdàn:
Mo bi í lálẹ́ àná nígbà tí wọ́n múná lọ, torí mi ò fẹ́ kó rójú mi. Ó dákẹ́ títí. Ó ní lóòótọ́ ni, ọmọ yẹn lòun kọ́kọ́ fẹ́, òun ò lè sọ pé òun ò fẹ́ ẹ. Ó ní lẹ́yìn tó lọ, òun ò dé ṣọ́ọ̀ṣì fún oṣù mélòó kan, ìta lòún wà lọ́jọ́ kan tóun ń gbọ́ ohùn mi, tí mò ń ṣi orin kọ. (Mo máa ń ṣì í kọ lóòótọ́.) Mo sunkún gan-an, mi ò tíì mọ̀ bóyá inú ti yọ́ mi. Láàárọ̀ yìí mo kúnlẹ̀, ẹnu mi là díẹ̀ kí àwọn ìbejì tó jí. Màmá, ọjọ́ wo ni kíláàsì yín? Ike ọbẹ̀ àbúrò ìyá ọkọ mi ṣì wà lọ́dọ̀ mi o, mi ò tíì dá a padà.