"Ìdọ́gba akọ àti abo" ò ní wọ ilé òrìṣà

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará mi. Mo ti ka gbogbo ohun tí ẹ kọ látìgbà tí àbúrò wa obìnrin tó ń túmọ̀ ìròyìn fún rédíò ní Ìlọrin ti béèrè pé kí ni ká máa pe jẹ́ńdà ìkuálítì (gender equality) ní Yorùbá, torí wọ́n fẹ́ ṣe ètò lórí bóyá ẹ̀sìn ìbílẹ̀ lè gbà á. Ẹ̀gbọ́n wa ará Ọ̀fà ní ká kọ ìdọ́gba akọ àti abo, ẹlòmíì ní ìdọ́gba tọkùnrin-tobìnrin. Ẹ jẹ́ n sọ tèmi.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, akọ àti abo ò bá a mu rárá. Mi ò ní a kì í lò ó fún èèyàn o, a máa ń sọ pé takọtabo ló jáde, ìyẹn dáa, ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá ti yà wọ́n sọ́tọ̀, akọ lọ́tọ̀, abo lọ́tọ̀, òbúkọ àti ewúrẹ́ ló ń wá síni lọ́kàn. Ara nìkan ló ń sọ, bẹ́ẹ̀ ohun tí à ń wá orúkọ fún kì í ṣe ara, ipò ni. Nílé wa lápá Ìgbómìnà, ìyá mi àgbà kì í pe àbúrò ọkọ ẹ̀ obìnrin lórúkọ, Ìbàdíàrán ló ń pè é, bí onítọ̀hún bá ti yọ lẹ́nu ọ̀nà báyìí, ẹni tí màmá fi ọ̀pọ̀ ọdún jù lọ, màmá á kúnlẹ̀, á ní "ẹ káàbọ̀ o, ọkọ mi", á gba báàgì lọ́wọ́ ẹ̀. Obìnrin ló ń kúnlẹ̀ fún obìnrin yẹn o, tó ń pè é lọ́kọ. Ilé Ṣàngó ńkọ́? Ọkùnrin onírùngbọ̀n tó jẹ́ ẹlẹ́gùn, ẹni tí òrìṣà ń gùn, máa ń dirun, ìyàwó òrìṣà náà sì ni wọ́n ń pe ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ìsìn òrìṣà, ì báà jẹ́ ọkùnrin. Èwo ni akọ, èwo ni abo níbẹ̀? Ọ̀jọ̀gbọ́n Oyèrónkẹ́ Oyěwùmí kọ ìwé lórí ọ̀rọ̀ yìí ní 1997, ó ní ẹni tó jẹ́ àgbà ló jẹ Yorùbá lógún, kì í ṣe ẹni tó jẹ́ ọkùnrin. Mi ò gbà á tán, torí bí Orò bá ké, àgbà obìnrin náà á wọlé ni, ọmọdékùnrin á wà níta, àmọ́ ó rí nǹkan tó pọ̀ nínú wa sọ.

Ìdọ́gba gan-an ló ń dùn mí jù. Ẹ bá babaláwo sọ ọ́ wò, kẹ́ ẹ tó parí gbólóhùn yẹn á ní "ìka ò dọ́gba", ọ̀rọ̀ ti bùṣe, kò sẹ́ni tó máa jiyàn pé ìka dọ́gba. Àwa la gbé òwe yẹn lé e lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ tí mo rò pé kò ní lè tì sẹ́yìn ni ìyànjẹ. Kò sí awo kan tó máa dìde láàrin èèyàn kó ní òun fara mọ́ ìyànjẹ.

Ìdí tí mo fi mú un ni pé Ifá fúnra ẹ̀ ló sọ ọ́, nínú odù Ọ̀ṣẹ́túrá. Irúnmọlẹ̀ mẹ́tàdínlógún ló wá sáyé, Ọ̀ṣun nìkan lobìnrin. Wọ́n la igbó Orò, wọ́n la igbó Ọ̀pá, wọn ò la ti Ọ̀ṣun, wọn ò pè é sí ìgbìmọ̀. Ni gbogbo nǹkan bá dàrú, òjò ò rọ̀, ẹbọ ò dà, wọ́n bá kó ara wọn padà lọ bá Olódùmarè, ohun tó kọ́kọ́ bi wọ́n ni pé ẹnì kẹtàdínlógún yín ńkọ́, ó ní kí wọ́n lọ bẹ̀ ẹ́. Mo mọ̀ pé ẹnì kan ti kọ ọ́ níbí pé ìtàn yẹn ò ran obìnrin lọ́wọ́, torí Ọ̀ṣun ní àfi tóun bá fi oyún inú òun bí ọkùnrin kóun tó gbà, ọmọkùnrin ọ̀hún ló sì ń bá wọn jókòó. Òótọ́ ni, ìyẹn náà wà níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ní ká fi ìdọ́gba túmọ̀ ẹ̀. Ohun tí ẹsẹ náà sọ ni pé wọ́n yan obìnrin jẹ, ayé sì dúró títí wọ́n fi lọ túúbá.

Èyí ló jẹ́ kí n gbà pé ẹ̀sìn yìí lè yí padà láìjẹ́ pé ẹnì kankan wá kọ́ ọ láti ìta. Ẹ wo ti ìtẹ̀fá, ìyẹn sísọ èèyàn di awo Ifá. Ní Cuba, ọ̀pọ̀ babaláwo ló ta kú pé wọn ò gbọdọ̀ tẹ obìnrin nífá. Nílẹ̀ Yorùbá tí Ifá ti lọ, wọ́n ń tẹ obìnrin, Ìyánífá ni wọ́n ń pè é, ó ń dífá, igbá Odù, ohun ìkọ̀kọ̀ Ifá, nìkan ni wọn ò jẹ́ kó fojú kàn. Ní Ìlọrin níbí, lọ́dún 2023, nígbà tí wàhálà ọdún Ìṣẹ̀ṣe ṣẹlẹ̀ débi tí Wọlé Ṣóyínká fi kọ lẹ́tà sí Ẹ́míà, obìnrin ló fẹ́ ṣe ọdún yẹn, ìyálóòṣà, Ọ̀ṣun ló ń bọ.

Orò ló le. Ẹ rántí ohun táwọn àgbà ń sọ, obìnrin lè ṣawo Egúngún, ó lè mọ Gẹ̀lẹ̀dẹ́, ṣùgbọ́n tó bá fojú kan Orò, Orò á gbé e lọ. Mi ò ní kí wọ́n tú awo fún ẹnikẹ́ni, ọkùnrin tí kò ṣe é náà ò mọ̀ ọ́n. Àmọ́ kí wọ́n sé obìnrin mọ́lé ní ọ̀sán, títí kan nọ́ọ̀sì tó ń lọ síbi iṣẹ́ àti aboyún tó ń rọbí, ìyànjẹ nìyẹn, kò ní orúkọ méjì, abala 41 àti 42 ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 sì ti sọ̀rọ̀ lé e lórí, ọ̀kan lórí pé kéèyàn lómìnira láti rìn, èkejì lórí pé wọn ò gbọdọ̀ fi pé èèyàn jẹ́ obìnrin fìyà jẹ ẹ́.

Nítorí náà, àbúrò mi, tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ òfin lẹ fẹ́ kà lórí rédíò, ẹ̀tọ́ ọgbọọgba fún tọkùnrin-tobìnrin ló dáa, ẹ̀tọ́ ló ń dọ́gba níbẹ̀, kì í ṣe èèyàn. Tó bá jẹ́ àwọn oníṣẹ̀ṣe lẹ fẹ́ pè wá sórí ètò, ẹ bi wọ́n pé ṣé wọ́n ń yan obìnrin jẹ nínú ìsìn wọn, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí ìyálóòṣà kan wà níbẹ̀ tí wọ́n bá ń dáhùn.