Japan pẹ̀lú ọmọ àti àgbà: eré òwúrọ̀, ọkọ̀ tó ń pín sí méjì, àti òkè Fuji

Ìyá Ìbejì, Leeds

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Ọlọ́run ti ṣe é, a ti ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ìparí oṣù kẹwàá ni èmi, bàbá àwọn ọmọ, àwọn ìbejì tí wọ́n jẹ́ ọmọ ọdún méje, àti ìyá ọkọ mi ń lọ sí Japan. Màmá ti lé ní ọgọ́ta ọdún dáadáa, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ wọn ṣì le. Èmi ń múra marathon sílẹ̀, n kò fẹ́ kí ìsinmi yìí dá eré mi dúró. Bàbá wọn ní òun fẹ́ gun òkè Fuji. Màmá ní kí àwọn ṣáà ti fojú kan òkè tí yìnyín wà lórí rẹ̀, ó tán. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti kó ọmọ lọ síbẹ̀, kí ló yẹ ká mọ̀ ká tó gbéra?

Àǹtí Kìlómítà, Lewisham

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìpalẹ̀mọ́. Ìgbà ìwọ́wé ni àwa náà kó àwọn ọmọ lọ, mo sì ń sáré níbẹ̀ láràárọ̀, torí náà ohun tí ojú mi tó ni mo fẹ́ sọ.

Ẹ má fi òkè Fuji ṣe ìrìn àlọ-àbọ̀ ọjọ́ kan láti Tokyo. Bí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe ń ṣe é nìyẹn: wọ́n á rọra jẹun àárọ̀, wọ́n á wọ ọkọ̀, wọ́n á dé ìdí òkè nígbà tí oòrùn ti ga, ìkuukùu á sì ti bò ó mọ́lẹ̀ pátápátá. Òkè tó ga tó mítà 3,776, ẹ lè dúró níwájú rẹ̀ kí ẹ má rí nǹkan kan. Òwúrọ̀ kùtù ló máa ń yọjú, kí ilẹ̀ tó gbóná tí ọ̀rinrin á fi gòkè lọ di ìkuukùu. Nítorí náà, ẹ lọ sùn sí ẹsẹ̀ rẹ̀, kì í sì í ṣe òru kan ṣoṣo, kí ẹ lè ní ju òwúrọ̀ kan lọ láti fi wá a. Kawaguchiko ni mo máa yàn fún ẹni tó kó ọmọ àti àgbà dání, torí rélùwéè dé ibẹ̀, bọ́ọ̀sì ń yí adágún omi ká, ilé oúnjẹ sì wà nítòsí.

Fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sáré, ibẹ̀ gan-an ni. Adágún Kawaguchi wà ní nǹkan bí mítà 830 sókè ju òkun lọ, ẹ óò mọ̀ ọ́n lára ní kìlómítà àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n kò ní dí yín lọ́wọ́. Ẹ gba etí omi apá àríwá, torí gúúsù ni òkè wà, omi á wà láàárín ẹ̀yin àti òun. Wọn kì í yí aago padà ní Japan: ní ìparí oṣù kẹwàá, oòrùn ń yọ ní nǹkan bí aago mẹ́fà, ó sì ń wọ̀ kí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ tó lù. Ẹni tó bá ní ìrọ̀lẹ́ lòun á sáré, inú òkùnkùn ni yóò bá ara rẹ̀.

Lọ́jọ́ kan mo jáde nígbà tí ilẹ̀ ṣì dúdú, èéfín ń jáde lẹ́nu mi. Nígbà tí mo fi dé Oishi, ní etí omi apá àríwá yẹn, orí òkè náà ló kọ́kọ́ pọ́n, bí ìgbà tí wọ́n fi osùn kùn ún, ni pupa náà bá ń sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ó fi kan ibi tí igbó bẹ̀rẹ̀. Bàbá kan ń pẹja nínú ọkọ̀ kékeré nísàlẹ̀, kò tiẹ̀ gbójú sókè. Mo dá aago eré mi dúró, mo pe ilé lórí fóònù pé kí wọ́n jí àwọn ọmọ, kí wọ́n kó wọn wá sójú fèrèsé. Kí aago mẹ́sàn-án tó lù, òkè ti wọlé lọ.

Ẹ tètè sọ òótọ́ ọ̀rọ̀ yìnyín fún Màmá. Ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹwàá ló sábà máa ń kọ́kọ́ bọ́ sórí Fuji, ṣùgbọ́n ní 2024, ọjọ́ 7 oṣù kọkànlá ni wọ́n tó rí i, kò sì tíì pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ rí látìgbà tí wọ́n ti ń kọ ọ́ sílẹ̀ ní 1894. Bí ẹ bá lè sún ìrìn yín síwájú díẹ̀, ọkàn yín á balẹ̀ sí i.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ọkọ̀. Rélùwéè Fuji Excursion ń gbéra láti ibùdó Shinjuku ní Tokyo lọ tààrà sí Kawaguchiko, nǹkan bíi wákàtí méjì. Ṣùgbọ́n wọ́n so ó mọ́ ọkọ̀ mìíràn tó ń jẹ́ Kaiji ni. Tí wọ́n bá dé ibùdó Otsuki, wọ́n á já wọn kúrò lára ara wọn: kọ̀ọ̀shì 1, 2 àti 3 á yà sí ọ̀nà òkè, ìyókù á máa lọ sí apá Kofu. Bàbá àwọn ọmọ mi mú ọmọkùnrin wa lọ na ẹsẹ̀ ní kọ̀ọ̀shì mìíràn, ibẹ̀ ni wọ́n jókòó sí tí wọ́n ń wo òkè, ni ọkọ̀ bá pín. Èmi àti ọmọbìnrin wa ń lọ sí Kawaguchiko, àwọn ń lọ sí Kofu, tíkẹ́ẹ̀tì gbogbo wa sì wà lọ́wọ́ mi. Ọlọ́run ṣeun pé fóònù wà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n sọ̀kalẹ̀ níbi tó kàn, wọ́n padà sí Otsuki, wọ́n wọ ọkọ̀ kékeré tó ń gòkè. Oúnjẹ ọ̀sán ti tutù kí wọ́n tó dé. Nítorí náà, kí tíkẹ́ẹ̀tì oníkálukú wà lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má sì kúrò ní kọ̀ọ̀shì yín kí ẹ tó kọjá Otsuki. Gbogbo ìjókòó ibẹ̀ ni wọ́n ń tà ṣáájú. Iná kékeré wà lókè orí ìjókòó: tó bá pupa, kò tíì ní olówó, tó bá jẹ́ yẹ́lò, ẹni tó ni ín ń bọ̀ láìpẹ́, tó bá jẹ́ gíríìnì, ó ti ní olówó.

Ọmọ Ẹ̀gbá, Saitama

Ẹ kú ọjọ́ o, ẹ̀yin ìyá mi. Japan níbí ni mo ń gbé, ẹ jẹ́ kí n fi díẹ̀ kún ọ̀rọ̀ Àǹtí.

Ẹ bá mi bẹ Bàbá Ìbejì, ọ̀nà Fuji kì í wà ní ṣíṣí ní oṣù kẹwàá. Oṣù keje ni wọ́n ń ṣí i, ọjọ́ 10 oṣù kẹsàn-án ni wọ́n ń tì í. Láti 2025, yẹ́ẹ̀nì 4,000 ni ẹnì kọ̀ọ̀kan ń san lórí ọ̀nà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, wọ́n sì ń ti géètì mọ́ ẹni tí kò bá gba ibùsùn sílẹ̀ nínú àwọn ilé orí òkè, láti aago méjì ọ̀sán títí di aago mẹ́ta òru. Lẹ́yìn àsìkò yẹn, àwọn ilé náà á ti pa, yìnyín àti ìjì ló kù lókè, àwọn tó ń fipá gùn ún sì ń kú síbẹ̀. Kí wọ́n má dán an wò. Bọ́ọ̀sì wà láti Kawaguchiko dé Ibùdó Karùn-ún lára òkè náà, nǹkan bí mítà 2,300 sókè, tí yìnyín kò bá tíì dí ọ̀nà. Ìyẹn tó fún Màmá náà.

Tí ẹsẹ̀ bá ń yún Bàbá Ìbejì, òkè Takao wà nítòsí Tokyo, mítà 599 péré, kò tó wákàtí kan láti Shinjuku lórí rélùwéè Keio. Ọkọ̀ tí wọ́n ń fi okùn fà ń gbé èèyàn dé ìdajì, Màmá àti àwọn ìbejì lè gba ibẹ̀ kí bàbá wọn fẹsẹ̀ gùn ún. Tójú ọjọ́ bá mọ́, ẹ óò rí Fuji láti orí rẹ̀. Ẹ má lọ lópin ọ̀sẹ̀ o, èrò á pọ̀ débi tí ẹ ò ní rí ẹsẹ̀ gbé. Nítòsí Kawaguchiko náà, pagoda Chureito, ilé gogoro alájà, wà ní Shimoyoshida, àtẹ̀gùn 398 ló gòkè dé ibẹ̀. Ẹni tó bá ti gun òkè Ìdànrè rí kò ní kà á sí.

Ìyá Ìbejì, Leeds

Ẹ ṣeun gan-an, mo ti ń kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹrù ńkọ́? Àpótí wa tóbi. Àti pé pásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà ni Màmá ń lò, wọ́n kàn ní ìwé ìgbélùú Ìlú Ọba ni.

Ọmọ Ẹ̀gbá, Saitama

Físà Màmá ni kí ẹ kọ́kọ́ dojú kọ, kí ẹ tó san owó òtẹ́ẹ̀lì tí wọn kò lè dá padà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní pásípọ́ọ̀tù Gẹ̀ẹ́sì lè wọlé fún 90 ọjọ́ láìgba físà, ṣùgbọ́n dandan ni fún pásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà. Ibi tí wọ́n ń gbé ni wọ́n ti ń gbà á, ní ilé iṣẹ́ aṣojú Japan níbẹ̀.

Ẹrù kò ṣòro. Ẹ má wọ́ àpótí kiri. Ẹ gbé e fún òtẹ́ẹ̀lì, wọ́n á bá yín fi ránṣẹ́ sí òtẹ́ẹ̀lì tó kàn, ọjọ́ kejì ló sábà máa ń dé. Ẹ kó aṣọ òru kan àti bàtà eré yín sínú báàgì ẹ̀yìn. Tí ẹ bá fẹ́ gbé àpótí wọ Shinkansen, rélùwéè ayára-bí-àṣá, láti Tokyo lọ sí apá Kyoto, ẹ wọn gígùn, fífẹ̀ àti gíga rẹ̀, kí ẹ rò ó pọ̀: tó bá ju sẹ̀ǹtímítà 160 lọ, ẹ gbọ́dọ̀ gba ìjókòó tó ní àyè ẹrù lẹ́yìn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, yẹ́ẹ̀nì 1,000 ni ìtanràn. Ọmọ ọdún méje ń san ìdajì owó ọkọ̀.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì, Houston

Ìyá Ìbejì, ọmọ mi, jókòó kí o gbọ́ èyí dáadáa. Tú àpò oògùn gbogbo yín palẹ̀ kí ẹ tó kúrò nílé. Oògùn tí a ń rà bí ẹní ra ṣúgà níbí lè kó yín sí wàhálà ní kọ́sítọ́ọ̀mù Japan. Adderall, oògùn àwọn tí ọkàn wọn kì í pa pọ̀, àti àwọn ẹ̀yà rẹ̀ tó ní amphetamine, wọn ò gbà á rárá, ìwé dókítà kò lè gbà yín. Oògùn ọ̀fìnkìn tí pseudoephedrine inú rẹ̀ bá ju ìdá 10 nínú 100 lọ, èèwọ̀ ni. Oògùn ìrora tí codeine inú rẹ̀ bá ju ìdá 1 nínú 100 lọ, ẹ gbọ́dọ̀ ti gba àṣẹ ṣáájú, ẹ sì mọ̀ pé Ìlú Ọba fẹ́ràn codeine. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru Màmá kò ní wàhálà tí kò bá ju ti oṣù kan lọ. Tó bá jù bẹ́ẹ̀, ìwé kan wà tó ń jẹ́ Yunyu Kakunin-sho, ẹ gbà á kí ẹ tó gbéra. Ẹ jẹ́ kí oògùn wà nínú páálí rẹ̀, pẹ̀lú ìwé dókítà.

Ẹ má sì di kílíṣí tàbí sọ́sééjì kankan sínú ẹrù. Wọ́n ń fi ajá gbóòórùn ẹran ní pápákọ̀ òfurufú, òfin wọn lórí ẹ̀ le.

Bọ̀dá Toronto

Ẹ kú àárọ̀ o. Nǹkan kan ṣẹlẹ̀ sí wa tí mo fẹ́ kí ẹ fi ṣọ́ra. Ọmọ mi obìnrin gbé báàgì rẹ̀ sórí àgbékà ọkọ̀, a sọ̀kalẹ̀, báàgì bá ọkọ̀ lọ. Pásípọ́ọ̀tù wa wà nínú rẹ̀. Òṣìṣẹ́ ibùdó náà kò gbọ́ èdè wa, ṣùgbọ́n ó fa àwòrán ọkọ̀ náà yọ, ó tẹ́ ẹ síwájú mi: aago mélòó, kọ̀ọ̀shì wo, ilẹ̀kùn wo, apá òsì tàbí ọ̀tún? Lẹ́yìn náà ó fọwọ́ ṣàpèjúwe síìpù, ó ń béèrè ohun tó so mọ́ ọn. Mo ní ìlẹ̀kẹ̀ búlúù. Ó gbé fóònù, ó sọ̀rọ̀, ó ní ká jókòó. Ìgbà tó yá, ó kọ orúkọ ibùdó tó gbẹ̀yìn sórí ìwé fún mi. A débẹ̀, báàgì wà lórí tábìlì, kò sí ohun tó dín.

Ohun tó ràn wá lọ́wọ́ ni pé ìyàwó mi ti ya àwòrán ibi tí a ti wọ ọkọ̀. Nọ́ńbà kọ̀ọ̀shì àti ilẹ̀kùn wà lára ilẹ̀ ibi tí wọ́n ń dúró sí. Ẹ máa yà á. Òfin sì ní kí àlejò máa mú pásípọ́ọ̀tù rẹ̀ kiri, torí náà kó wà lára àgbàlagbà, kì í ṣe nínú báàgì ọmọ.

Fún eré yín ní Tokyo, ààfin ọba ni kí ẹ lọ. Kìlómítà 5 ló yí i ká, kò sí iná ọkọ̀ kankan tó máa dá yín dúró. Apá òsì ni gbogbo èèyàn ń yí sí, ẹ má yí sí òdìkejì wọn, ẹ sì yà fún àwọn tó ń rìn. Láti Takebashi lọ, ọ̀nà ń gòkè, itan yín á mọ̀ ọ́n. Ilé tí wọ́n ń gbé aṣọ sí, tí wọ́n sì ti ń wẹ̀, wà yí ibẹ̀ ká. Otemachi tó wà nítòsí ni eré Hakone Ekiden ti ń bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 2 oṣù kìíní: àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì, mẹ́wàá mẹ́wàá nínú ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, á máa gba eré lọ́wọ́ ara wọn ní ìpele ìpele lọ sí adágún Ashi, wọ́n á sì sá a padà lọ́jọ́ kejì, ó ju kìlómítà 200 lọ. Láti 1920 ni. Ẹni tó bá ń gba ìpele karùn-ún ń sáré gun òkè fún bíi kìlómítà 20. Èmi ò tíì rí eré tó wọ̀ mí lọ́kàn tó yẹn.

Ìyá Ìbejì, Leeds

Ẹ̀yin Bọ̀dá, Àǹtí, ẹ̀gbọ́n mi gbogbo, ẹ ṣé o. A ti sún un sí oṣù kọkànlá. A máa sùn ní Kawaguchiko, lẹ́yìn náà a fẹ́ fẹsẹ̀ rin ọ̀nà àtijọ́ láti Magome sí Tsumago, ìlú kékeré méjì láàárín àwọn òkè. Mo gbọ́ pé béárì wà níbẹ̀?

Ọmọ Ẹ̀gbá, Saitama

Béárì wà lóòótọ́, ẹ má fi ṣeré, ọwọ́ wọn ti pọ̀ sí i láwọn ọdún àìpẹ́ yìí. Ṣùgbọ́n ọ̀nà yẹn ní èrò. Agogo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, ẹ máa lù ú bí ẹ bá ṣe ń kọjá. Ẹ ra ṣaworo kékeré fún àwọn ìbejì kí wọ́n so ó mọ́ báàgì. Ẹ má dá sáré níbẹ̀ ní kùtùkùtù, Ìyá Ìbejì. Ojú títì nísàlẹ̀ ni kí ẹ ti sá tiyín.

Magome ni kí ẹ ti gbéra, torí ó ga ju Tsumago lọ, orúnkún Màmá á dúpẹ́. Kìlómítà 8 ni, bíi wákàtí mẹ́ta pẹ̀lú ọmọ. Ọ́fíìsì àlejò ní Magome ń gba ẹrù láàárọ̀, wọ́n á gbé e dé Tsumago lọ́sàn-án, títí di ìparí oṣù kọkànlá. Láti Tokyo, ẹ wọ Shinkansen dé Nagoya, kí ẹ gba ìjókòó E, apá ọ̀tún, Fuji á yọ ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 40 sí 45. Ní Nagoya, ẹ wọ ọkọ̀ Shinano dé Nakatsugawa, lẹ́yìn náà bọ́ọ̀sì sí Magome. Ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì yín lẹ́yọ lẹ́yọ. Káàdì JR ọlọ́jọ́ méje, tí àlejò fi ń wọ rélùwéè káàkiri, di yẹ́ẹ̀nì 50,000 ní oṣù kẹwàá 2023, ìrìn yín kò tó o. Bọ́ọ̀sì tó ń kúrò ní Tsumago lọ sí ibùdó rélùwéè Nagiso kò pọ̀, ẹ ya àwòrán aago rẹ̀ ní ibùdó kí ẹ tó wọ ilé oúnjẹ.