Dídá ojú fìlà ọmọ àti fífi ọ̀ṣọ́ sí i: ẹ kún un

Láti Kútọ̀

Etí ni fìlà wúùlù tá a fi abẹ́rẹ́ hun fún ọmọ ti ń bàjẹ́. Tí etí bá le, fìlà ò ní wọlé sórí, kò sì sí bẹ́ ẹ ṣe máa tún un ṣe láì tú gbogbo iṣẹ́.

Ẹ ṣírò kẹ́ ẹ tó dá ojú, ìyẹn kẹ́ ẹ tó kó ojú òwú àkọ́kọ́ sórí abẹ́rẹ́. Wúùlù DK (èyí tí kò nípọn jù, tí kò sì tín-ín-rín jù) lórí abẹ́rẹ́ 4 mm, ojú 22 ló máa ń wà nínú 10 cm. Fìlà tí yípo rẹ̀ jẹ́ 35 cm á gba 77. Ẹ sọ ọ́ di 78, torí etí nítì (ojú tó tẹ́jú) méjì, pọ́ọ̀lù (ojú tó yọ kókó) méjì gbọ́dọ̀ fi nítì méjì bẹ̀rẹ̀, kó fi nítì méjì parí. Tẹ́ ẹ bá rán ẹ̀yìn pọ̀, ìránpọ̀ á gbé ẹyọ kan mì lápá kọ̀ọ̀kan, méjì tó kù á tò geere.

Ìrù òwú (ẹnu òwú tẹ́ ẹ máa fi sílẹ̀ láti dá ojú): ìlọ́po mẹ́ta ìbú iṣẹ́, ìyẹn 105 cm, ẹ fi 15 cm lé e. Ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ ta kókó sí, kó bọ́ sórí abẹ́rẹ́ ọ̀tún. Ìrù á gba orí àtàǹpàkò òsì, òwú bọ́ọ̀lù á gba orí ìka tó tẹ̀lé e, ìka yòókù á di méjèèjì mú. Ẹ ti abẹ́rẹ́ bọ abẹ́ òwú iwájú àtàǹpàkò, ẹ fi gbé òwú ìka kejì, ẹ dà á padà gba inú ihò àtàǹpàkò, ẹ yọ àtàǹpàkò, kẹ́ ẹ rọra fà á.

Ọ̀pọ̀ èèyàn ń fi abẹ́rẹ́ méjì papọ̀ dá ojú kó má baà le. Ojú nìkan nìyẹn ń mú fẹ̀. Ìsàlẹ̀ etí ò tú. Àyè díẹ̀ láàárín ojú kan sí èkejì ló ń jẹ́ kó fà.

Láti Ìtòkú

Ẹ ṣé, Màámi. Ẹni tó bá fẹ́ ìlẹ̀kẹ̀ lára iṣẹ́, kó sín in sára òwú bọ́ọ̀lù kó tó dá ojú rárá. Ẹ fi mẹ́ta mẹ́rin lé iye tẹ́ ẹ nílò: èyí tó bá pọ̀ jù ṣeé fi ẹ̀mú fọ́, èyí tó bá dín, àfi kẹ́ ẹ gé òwú. Lójú iṣẹ́, ẹ mú òwú wá síwájú, ẹ ti ìlẹ̀kẹ̀ sún mọ́ abẹ́rẹ́, ẹ gbé ojú kan kọjá láì hun ún, ẹ dá òwú padà sẹ́yìn, kẹ́ ẹ máa hun lọ.

Ẹ jọ̀ọ́, kí ìlẹ̀kẹ̀ má dé orí fìlà ìkókó. Ìlẹ̀kẹ̀ tó bá já, ẹnu lọmọ ń kó o sí, ó sì lè há a lọ́fun. Abẹ́rẹ́ tí ẹnu rẹ̀ ò mú ni kẹ́ ẹ fi kọ ọ̀ṣọ́ tiẹ̀: ẹ yọ abẹ́rẹ́ nísàlẹ̀ ojú, ẹ gbà á lẹ́yìn ẹsẹ̀ méjèèjì ojú tó wà lókè, ẹ dá a padà síbi tó ti jáde. Àwòrán àdìrẹ tẹ́ ẹ bá yà sórí bébà aláàlà onígun mẹ́rin á pẹlẹbẹ lórí fìlà, torí ìlà 30 ló wà nínú 10 cm lóròó, ojú 22 péré ní ìbú. Àwòrán tó bá fẹ̀ tó ojú 11, ẹ jẹ́ kó ga tó ìlà 15.

Láti Lafẹ́ńwá

Pọ́ńpọ́mù (bọ́ọ̀lù wúùlù onírun) orí fìlà náà: páálí róbótó méjì, 6 cm, ihò àárín 2 cm. Ẹ wé wúùlù títí ihò á fi dí, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ irun rẹ̀ á fọ́nká. Òwú ìránṣọ tó yi ni kẹ́ ẹ fi so àárín, torí wúùlù lè já lójú ìfà, kẹ́ ẹ sì fi ìrù rẹ̀ sílẹ̀ gígùn láti fi rán an mọ́ fìlà.