Awọ ìyá mi ń bó lábẹ́ abíyá, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará wa. Jẹjẹrẹ ọyàn ni ti ìyá mi. A ti ṣiṣẹ́ abẹ, a ti gba kẹ́mò, oògùn jẹjẹrẹ, tán, radiotherapy, ìyẹn ìtọ́jú onítànṣán, la wà lórí ẹ̀ báyìí. Awọ ibẹ̀ ti dú bí ìdí ìkòkò, abẹ́ abíyá sì ń bó. Ó ń ta wọ́n débi pé wọn ò lè pa apá dé. Àbúrò wọn ti gbé ọṣẹ dúdú, kànìnkànìn àti àdí dé láti Ọjà'ba, wọ́n ní ká fi ha gbogbo òkú awọ yẹn kúrò. Kí ni mo fẹ́ sọ fún wọn tí ò ní dà bí àfojúdi?

Ìyá Ìbejì, Mọ́kọ́lá: Háà! Ẹ gbé kànìnkànìn yẹn pamọ́, ẹ jọ̀ọ́. Kì í ṣe ìdọ̀tí, ìtànṣán ló ń jó awọ. Abíyá ló sì máa ń le jù, torí awọ ń fara ra awọ níbẹ̀, òógùn ò sì jẹ́ kó gbẹ. Omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ọṣẹ tí ò ní lọ́fínńdà, ọwọ́ lásán. Tẹ́ ẹ bá wẹ̀ ẹ́ tán, ẹ rọra fi aṣọ rírọ̀ tẹ̀ ẹ́ títí á fi gbẹ, ẹ má nù ún. Tí wọ́n bá fi íńkì sàmì sí wọn láyà, ẹ má pa á rẹ́ o, òun ni wọ́n fi ń mọ ibi tí ìtànṣán máa bọ́ sí.

Bàbá Àpẹ́tẹ́: Ilé ìwòsàn UCH ní Oríta Mẹ́fà, n'Íbàdàn, ni ìyàwó mi ti gba tiẹ̀. Ẹ bi nọ́ọ̀sì kẹ́ ẹ tó fi ohunkóhun pa á, ìbáà ṣe òrí. Bọ́ọ̀mù tó ń ta ara, rárá.

Oníbèéèrè: Ẹ ṣé, sà. Kọ́mú ńkọ́? Wọ́n fẹ́ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.

Nọ́ọ̀sì Adùn: Kí wọ́n bọ́ kọ́mú sílẹ̀ ná, kí wọ́n wọ búbà kọ́tìn tó fẹ̀, kí oòrùn má sì pa ibẹ̀. Tó bá ti ń ṣomi, ẹ fi han àwọn tó ń tọ́jú wọn, wọ́n ní bí wọ́n ṣe ń dì í. Tó bá ń rùn, tó ń ṣọyún, tàbí tí ibà dé 38°C, ọjọ́ yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ lọ. Ẹ má fúnra yín dá ìtọ́jú dúró. Ó tún lè le sí i fún bí ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì lẹ́yìn tí wọ́n bá gba ìkẹyìn, kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í jinná, ẹ má jẹ́ kó já yín láyà. Ní ti Àǹtí, ẹ mú wọn dání lọ, kí nọ́ọ̀sì bá yín sọ ọ́.

Oníbèéèrè: Àǹtí ti gbà, wọ́n ń bá wa lọ lọ́la. Wọ́n ní àwọn á kúkú fi ọṣẹ dúdú náà wẹ̀ fúnra àwọn.