Orúkọ Crowther: níbo ni ó ti ṣẹ̀ wá?

Ìbéèrè
Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ojúgbà mi, mo kí yín. Mo fẹ́ mọ orísun orúkọ Crowther láàárín àwọn Gẹ̀ẹ́sì, àti bí ó ṣe di ti Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí, ọmọ Òṣogùn, nítorí àwọn kan ń sọ pé orúkọ ọ̀gá tí ó rà á lẹ́rú ni.

Ìdáhùn kìíní
Ẹ kú ìbéèrè. Orúkọ iṣẹ́ ni Crowther. Láyé àtijọ́, ohun èlò orin olókùn kan wà tí àwọn ará Wales ń pè ní crwth, tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì sì ń pè ní crowd. Ọrun ni wọ́n fi ń fa okùn rẹ̀ bíi ti gòjé. Okùn mẹ́fà ni ó sábà máa ń ní, àtàǹpàkò ọwọ́ òsì sì lè máa ta méjì nínú wọn. Ẹni tí ó ń fi í kọrin fún àwọn èèyàn ni crowther tàbí crowder. Nígbà tí ó di pé ọmọ ń jogún orúkọ baba ní England, èyí tí ó gba ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn tí àwọn Norman ṣẹ́gun ibẹ̀ ní 1066, orúkọ náà lẹ̀ mọ́ ìdílé, kódà nígbà tí kò sí olórin kankan nínú wọn mọ́.

Ìdáhùn kejì
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gba ọ̀rọ̀ ọ̀gá yẹn gbọ́. Ní 1822, àwọn ọmọ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì gba Àjàyí sílẹ̀ lórí ọkọ̀ àwọn Potogí, wọ́n sì gbé e lọ sí Freetown ní Sierra Leone. Níbẹ̀ ni àlùfáà John Raban ti rì í bọmi ní 11 Oṣù Kejìlá, 1825, tí wọ́n sì fi orúkọ Samuel Crowther, àlùfáà Christ Church ní Newgate, London, sọ ọ́ lódindi. Alátìlẹ́yìn ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì CMS (Church Missionary Society) ni ọkùnrin náà, bẹ́ẹ̀ sì ni wọ́n ṣe máa ń fi orúkọ àwọn olóore ìjọ sọ àwọn tí a gbà sílẹ̀.

Olùbéèrè
Mo dúpẹ́ púpọ̀. Ṣé a lè sọ nígbà náà pé ará Wales ni gbogbo Crowther?

Ìdáhùn kìíní
Rárá o. Wọ́n ń lo ohun èlò náà káàkiri England pẹ̀lú, Yorkshire sì wà lára ibi tí àwọn Crowther pọ̀ sí. Bákan náà, ẹni tí ó bá ń jẹ́ Crowther ní Freetown tàbí Èkó lónìí ní láti tọpasẹ̀ ìdílé rẹ̀ kí ó tó pe ara rẹ̀ ní ìran Bíṣọ́ọ̀bù.